Yanrìn Etí Òkun Ìjẹ̀bú àti Ọkọ̀ Òfurufú

Ẹni tí ó bá gbéra ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní àfẹ̀mọ́júmọ́, tí ó gba Àgọ́-Ìwòyè kọjá lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, tí ó sì kọrí sí Abígí, yóò rí bí igbó ti ń di irà, tí irà sì ń di ọ̀sà. Níbẹ̀ ni a gbé wọ ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí a dé etí òkun ní ìhà Òde-Omi, yanrìn tẹ́ lọ gbọọrọ títí ojú kò fi tó o mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó bá wa rìn wí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọkọ̀ òfurufú kékeré kò lè máa balẹ̀ níhìn-ín, kí ó gbé aboyún tí ń rọbí lọ sí ilé ìwòsàn?” Èrò rere ni, n kò fi í rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ń ṣe é níbòmíràn. Ní erékùṣù Barra ní Scotland, láti 1936 ni yanrìn ti jẹ́ pápá ọkọ̀ òfurufú tí ìjọba fọwọ́ sí. Bí òkun bá kún, omi a bo pápá náà. Bí ó bá fà, yanrìn tútù a le bí ilẹ̀ tí a lù. Òpó igi ni wọ́n fi sàmì sí ìkángun ọ̀nà mẹ́ta tí ọkọ̀ ń gbà. Nígbà tí àpò aṣọ tí ń fi ipa afẹ́fẹ́ hàn bá wà lókè, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rìn níbẹ̀.

Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Kíkún àti fífà òkun wa kò ju bíi mítà kan lọ, nítorí náà kì í fi pápá líle gbalasa sílẹ̀ fún wa. Etí omi dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Yanrìn òkè gbẹ, ó sì rọ̀, táyà a rì sínú rẹ̀, ọkọ̀ a sì fi imú gúnlẹ̀. Afẹ́fẹ́ òkun a máa gbá a ní ẹ̀gbẹ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, àwọn apẹja ń sá àwọ̀n níbẹ̀, ọmọdé sì ń ṣeré. Bí ẹ̀rọ bá dún lókè, ṣe ni wọn yóò sáré lọ wò ó. (Èmi náà ì bá sáré.)

Òfin pẹ̀lú wà níbẹ̀. Nípa Òfin Ilẹ̀ ti 1978, Gómìnà ni ó di ilẹ̀ ìpínlẹ̀ mú fún gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n kò ní àṣẹ lórí òfurufú. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tí à ń pè ní NCAA ni ó ń fọwọ́ sí ibi tí ọkọ̀ lè máa balẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 2022. Bí ẹ̀rọ bá kú lójijì, awakọ̀ lè balẹ̀ sí ibi tí ó bá rí láti gba ẹ̀mí là. Bí jàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀, àjọ NSIB ni yóò wádìí rẹ̀. Kí ará abúlé má ṣe tú irin rẹ̀ kó lọ.

Mo sọ gbogbo èyí fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà bí a ti ń padà lórí ọ̀sà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ó dára, Ẹ̀gbọ́n. Ọkọ̀ ojú omi tí ó yára ńkọ́, tí nọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀? Ta ni a ó bi léèrè ìyẹn?” Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó dé Abígí, a sì ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ náà.