Ẹ Kú Ewu Ọmọ, Ẹ Kú Ewu Owó

Ní ilé wa ní Ìkáràm-Àkókó, a kì í sọ pé "ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi". "Ìyàwó wa" là ń wí. Ẹni tí ẹ̀gbọ́n wa bá fẹ́, gbogbo agboolé ló fẹ́ ẹ. Nítorí náà, nígbà tí ìpè wọlé láti Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún tó kọjá pé ìyàwó wa ti bí, pé wọ́n gbọ́ ohùn ìyá, wọ́n sì gbọ́ ohùn ọmọ, ńṣe ni ilé hó yèè. Àwa mẹ́ta tí a jọ ń kọ èyí ń kàwé ní yunifásítì ní Àkùngbá. A wọ ọkọ̀ lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀ yẹn torí ìrẹsì ọmọ tuntun. A jẹ, a jó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìpè kejì wọlé. Ohùn ẹ̀gbọ́n wa ti wọlẹ̀. Ilé ìwòsàn ti fi ìwé owó ránṣẹ́ sí wọn, ó sì lé ní £9,000. Bàbá ní kí a ṣírò rẹ̀ sí náírà. A ṣírò rẹ̀ lórí fóònù, a wo ojú ara wa, a tún un ṣírò. Ó ń lọ sí mílíọ̀nù méjìdínlógún. Bàbá dákẹ́ títí, wọ́n wá béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè dáhùn lọ́jọ́ náà: "Ṣé kì í ṣe ìlú tí wọ́n ti ń wo aláìsàn lọ́fẹ̀ẹ́ nìyẹn ni?"

Ìdáhùn tí a wá fún Bàbá ni a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin náà, torí ó dá wa lójú pé ilé tiwa nìkan kọ́ ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀.

Lóòótọ́, NHS jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tó bá ń gbé ìlú Ọba lábẹ́ òfin. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba físà tó ju oṣù mẹ́fà lọ gbọ́dọ̀ san owó ìlera kan mọ́ owó físà kó tó gbéra. Wọ́n ń pè é ní IHS. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, £200 ni lọ́dún. Ó di £400 ní 2019, ó di £624 ní 2020, láti oṣù kejì 2024 sì ni àgbàlagbà ti ń san £1,035 lọ́dún. Ìyàwó tó bá ń lọ bá ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú físà oṣù mẹ́tàlélọ́gbọ̀n yóò san £3,105 lẹ́ẹ̀kan náà. Owó ńlá ni, ṣùgbọ́n tó bá ti san án, ìtọ́jú oyún àti ìbímọ kò tún ná an ní kọ́bọ̀ mọ́ ní ilé ìwòsàn NHS.

Ẹni tó bá fi físà àbẹ̀wò lọ kò san owó yẹn. Ní England, iye tí wọ́n ń kà sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́rùn ni ìdá 150 nínú ọgọ́rùn-ún: ohun tí NHS ń ná £100 lé lórí, £150 ni àlejò yóò san. Wọn kò béèrè ìyàwó ta ni. Irú físà tó gbé wọlé ni wọ́n béèrè.

Kí ló dé tí ìyàwó wa kò fi gba físà ìyàwó? Láti oṣù kẹrin 2024, ọkọ tó bá fẹ́ mú ìyàwó rẹ̀ wá gbọ́dọ̀ máa gba £29,000 lọ́dún. £18,600 ni tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ti pẹ́ níbẹ̀, wọ́n ti ní ìwé ìgbélùú tí kò lópin, ṣùgbọ́n owó oṣù wọn kò tó bẹ́ẹ̀. Ni wọ́n bá ní kí ó wá lo oṣù méjì péré, kí ojú kan ojú. Oyún oṣù mẹ́ta ló gbé lọ. Orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé àwọn aboyún nílé níbí, Màmá sì ti ra aṣọ ọmọ lọ́jà Ìkàrẹ́. Ẹni tó ń sọ ládùúgbò pé ó mọ̀-ọ́n-mọ̀ lọ bímọ síbẹ̀ ni, irọ́ ló ń pa.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kó padà wálé ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru. Dókítà ní kò gbọdọ̀ wọ bàálù. Nígbà tí oyún lé díẹ̀ ní oṣù méje, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n gbé ọmọ jáde.

Ohun tó bà wá lẹ́rù jù, ẹ̀yìn ìkómọ ló tó sọ ọ́ fún wa. Nígbà tí ẹnì kan ní ilé ìwòsàn kọ́kọ́ dárúkọ owó fún un, ẹ̀ẹ̀mejì ló pa ọjọ́ àyẹ̀wò jẹ. Ó jókòó sílé pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ń ṣírò owó. Orí fífọ́ tí kò jẹ́ kó sùn ló gbé e padà lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni òfin wọn sọ ọ́ kedere: wọn kò gbọdọ̀ lé aboyún padà, wọn kò sì gbọdọ̀ dá ìtọ́jú rẹ̀ dúró torí owó. Wọ́n á kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀, ìwé owó á tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún un. Ká ní ó mọ̀ ni, kì bá má pa ọjọ́ kankan jẹ.

Ọmọ náà ńkọ́? Ọmọ ìlú Ọba ni láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, nítorí ìwé bàbá rẹ̀. Ọmọ di onílé, ìyá tó bí i jẹ́ àlejò.

Bàbá pe ìpàdé ẹbí. Màmá yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn. Bàbá ta kòkó tí wọ́n fẹ́ tọ́jú de owó ilé-ìwé wa. Láàárín ìpàdé yẹn ni ìyàwó àbúrò Bàbá, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Tógò, tú etí aṣọ rẹ̀, ó kó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà owó gààrí sílẹ̀, ó ní: "Mo mọ bó ṣe rí. Èmi náà kò níwèé níbí."

Kò sẹ́ni tó fèsì. Ọdún mọ́kànlá ló ti wà ní Ìkáràm, ó ti bímọ mẹ́ta fún wa, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè rí.

Màmá ló wá ń rántí. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n bí àbíkẹ́yìn wa ní 2008, Ìkáràm wà lára àwọn Millennium Village tí àwọn Jeffrey Sachs àti àjọ UNDP ń ràn lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ní 2009, Gómìnà Mímikò dá ètò Abíyè sílẹ̀ fún ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún aboyún àti ọmọ wẹ́wẹ́. Màmá ní ikùn nìkan ni nọ́ọ̀sì ń wò nígbà yẹn, kì í wo ìwé. Lónìí, ètò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ń fi owó BHCPF gbé fún àwọn aláìní ní ilé ìwòsàn alábọ́dé ń béèrè NIN. Àjèjì tó ń gbé ìlú wa lábẹ́ òfin lẹ́tọ̀ọ́ sí NIN, ṣùgbọ́n àdéhùn ECOWAS fún ọmọ Tógò ní 90 ọjọ́ láìsí físà, kò fún un ní ọdún mọ́kànlá. Ó gbọ́dọ̀ gba ìwé ìgbélùú. Abala 26 nínú ìwé òfin 1999 sì gba obìnrin tó fẹ́ ọmọ Nàìjíríà láyè láti forúkọ sílẹ̀ bí ọmọ ìlú. Kò lè ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ bá a lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní èèyàn lókè òkun, ẹ bi wọ́n ní irú físà tí wọ́n ní kí oyún tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn ìkómọ. Bí ìwé owó bá ti dé, ẹ má fi pamọ́: gbèsè tó bá tó £500 tí oṣù méjì kọjá lórí rẹ̀ lè ba físà ọjọ́ iwájú jẹ́, àfi tí ẹ bá ti bá ilé ìwòsàn ṣe àdéhùn láti máa san án díẹ̀díẹ̀. Àjọ Maternity Action máa ń gba irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ nímọ̀ràn. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa ti ṣe àdéhùn, wọ́n ń san án lóṣooṣù. Ìyàwó wa ti padà wálé, ó gbé ọmọ dání.

Bàbá ti yí padà. Ní ìgbéyàwó kan tí a lọ ní Ọ̀kà lóṣù tó kọjá, wọ́n sọ pé ọkọ ìyàwó ń gbé Manchester. Kí wọ́n tó ṣàdúrà tán ni Bàbá ti fà mọ́ bàbá ìyàwó létí: "Físà wo ló máa fi lọ?"

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀, Bàbá àti àbúrò wọn yóò mú Ìyá Tógò lọ sí Àkúrẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ìwé rẹ̀. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́rin. A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ. Àṣẹ.