Bẹ́líìtì Àyà Ni Mo Mú

Àbúrò mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Manchester ló bi mí lórí fóònù pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, èwo ni kí n fi ránṣẹ́ sí yín, ṣé aago ọwọ́ ni àbí èyí tí wọ́n ń dè mọ́ àyà?" Dókítà ti sọ fún mi nígbà náà pé ẹ̀jẹ̀ mi ti fẹ́ máa ru, pé kí n máa rìn kánmọ́kánmọ́, kí n sì máa ṣọ́ bí ọkàn mi ṣe ń lù bí mo bá ń rìn. Mo ní kí àbúrò mi fún mi láyè. Mo fẹ́ kọ́kọ́ mọ ohun tí mo fẹ́ fi nọ́ńbà yẹn ṣe. Ẹni tó kàn fẹ́ mọ iye ẹsẹ̀ tó gbé lójúmọ́ àti ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ọkàn òun ń ṣiṣẹ́ ju bó ti yẹ lọ lórí òkè, ọjà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ná.

Kí ẹ̀rọ tó dé, ìka la fi ń mọ̀ ọ́n, mo sì rọ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ náwó pé kó kọ́kọ́ mọ ti ìka. Ẹ fi ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín tẹ ọrùn ọwọ́ kejì jẹ́jẹ́, nísàlẹ̀ àtàǹpàkò, ẹ ó gbọ́ ọ tó ń lù. Ẹ má fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ o, torí iṣan inú àtàǹpàkò fúnra rẹ̀ ń lù, ó sì lè jẹ́ òun lẹ ó máa kà. Ẹ kà á fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ní 1707, John Floyer, dókítà kan ní England, tẹ ìwé jáde lórí aago tó ní kí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí gan-an, kó lè máa fi ìṣẹ́jú kan géérégé ka iṣan aláìsàn. Ìṣòro ti ìka ni pé èèyàn gbọ́dọ̀ dúró kó tó lè kà á dáadáa, bẹ́ẹ̀ kẹ̀, bí a bá ti dúró báyìí, ọkàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ nìyẹn. Àwọn ará Finland tí ń sáré lórí yìnyín mọ ìṣòro yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Oulu, Seppo Säynäjäkangas, ló bá wọn wá nǹkan ṣe sí i. Ó dá ilé iṣẹ́ Polar sílẹ̀ ní ìlú Kempele ní 1977, nígbà tó sì di 1982 wọ́n ti ní ẹ̀rọ tó ń ti àyà fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí ọrùn ọwọ́ láìsí wáyà láàárín wọn.

Bẹ́líìtì àyà tí à ń rà lónìí, ọmọ ẹ̀rọ yẹn ni. Ọkàn kì í lù láìjẹ́ pé iná mànàmáná kékeré kan kọjá lára rẹ̀. Iná yẹn máa ń dé ojú awọ àyà, òun náà sì ni ẹ̀rọ ECG tó wà nílé ìwòsàn ń kà. Bẹ́líìtì ń gbọ́ ọ ní tààrà. Aago ọwọ́ kì í gbọ́ ọkàn rárá. Iná aláwọ̀ ewé ló ń tàn sínú awọ. Ẹ̀jẹ̀ a máa fa irú ìmọ́lẹ̀ yẹn mu, nítorí náà nígbàkigbà tí ọkàn bá ti ẹ̀jẹ̀ dé ọrùn ọwọ́, ìmọ́lẹ̀ tó ń padà sínú aago á dín kù, lẹ́yìn náà á tún pọ̀. Bó ṣe ń dín tó ń pọ̀ yẹn ni aago ń kà. Àwọn èèyàn ti so irú aago bẹ́ẹ̀ mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ọmìnì, ó sì gbé nọ́ńbà jáde. Kì í ṣe irọ́ ló ń pa. Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ní kó máa kà, ìmọ́lẹ̀ náà ló sì kà.

Àwọ̀ ara wa náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì ní fò ó dá. Mẹ́lánìnì, èròjà tó mú awọ wa dúdú, a máa fa ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé mu. Ní 2020, àwọn dókítà láti Yunifásítì Michigan kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine pé ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi há ìka láti wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ kì í rí àìtó ọ́síjìn lára aláwọ̀ dúdú ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta iye ìgbà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí aláwọ̀ funfun. Ẹ̀rọ orí ìka yàtọ̀ sí aago ọwọ́, irú ìmọ́lẹ̀ tó ń lò náà yàtọ̀, síbẹ̀ ó tó kí ẹni dúdú bi aago léèrè ọ̀rọ̀. Lọ́dún kan náà, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Duke bi í. Wọ́n dán oríṣiríṣi aago wò lára èèyàn 53 tí àwọ̀ ara wọn kò dọ́gba. Ní ti lílù ọkàn, wọn kò rí ìyàtọ̀ gidi kan tó ti ọ̀dọ̀ àwọ̀ ara wá. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí ara bá ń ṣiṣẹ́, àṣìṣe aago máa ń fi nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ju ti ìgbà tí ara sinmi lọ. Inú mi dùn sí àbọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ó dùn mí pé ẹ̀rọ wọ̀nyí ti kún ọjà kí ẹnì kan tó rò ó pé ó yẹ ká bi wọ́n.

Ìgbà tí ara ń ṣiṣẹ́ gan-an ni èmi nílò nọ́ńbà náà, ohun tó sì mú mi pinnu nìyẹn. Ní 2017, àwọn dókítà Cleveland Clinic ní Amẹ́ríkà fi aago ọwọ́ mẹ́rin àti bẹ́líìtì àyà kan sára èèyàn 50 tó ń rìn tó sì ń sáré lórí ẹ̀rọ, wọ́n fi ECG ṣe òṣùwọ̀n. Bí a bá pe ìbáramu pátápátá ní 1, bẹ́líìtì gba 0.99, aago tó ṣe dáadáa jù kò sì ju 0.91 lọ. Ní ti kálórì tí gbogbo aago ń kọ sójú gàdàgbà, kí ẹ má fi rajà. Yunifásítì Stanford dán ẹ̀rọ méje wò lọ́dún yẹn kan náà, èyí tó sún mọ́ òótọ́ jù nínú wọn fi ìdá 27 nínú 100 ṣìnà.

Nígbà tí bẹ́líìtì dé, mo yá aago ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo wọ méjèèjì, mo sì gbọ̀nà òkè Màpó láti Bẹẹrẹ. Ní ìsàlẹ̀, wọ́n ń bá ara wọn lọ. Bí ọ̀nà ṣe ń ga, bẹ́líìtì ń gun 120, ó kọjá sí 131, aago sì rọ̀ mọ́ 112, kò lọ kò bọ̀. Mo ka ẹsẹ̀ mi: 112 ni mò ń gbé ní ìṣẹ́jú kan. Aago ti fi ọkàn mi sílẹ̀, ó ń ka ìrìn mi. Irú èyí wọ́pọ̀ fún aago ọwọ́, pàápàá bí okùn rẹ̀ bá dẹ̀ tàbí tó bá wà lórí eegun ọrùn ọwọ́. Ẹni tó bá yàn láti lo aago, kó fún un dáadáa, kó gbé e kúrò lórí eegun náà sókè díẹ̀. Èyí tí wọ́n ń so mọ́ apá lókè ìgúnpá sàn ju ti ọrùn ọwọ́ lọ, torí ẹran wà níbẹ̀, apá òkè kì í sì í jù fìrìfìrì bí ọwọ́.

Bẹ́líìtì náà ní ìyọnu tirẹ̀. Inú rẹ̀ ní ojú méjì tó dà bíi rọ́bà. Ẹ gbọ́dọ̀ fi omi rin ojú méjèèjì kí ẹ tó dè é, nísàlẹ̀ ọmú gan-an. Fún àwa obìnrin, abẹ́ etí bùrẹ́sìà ló máa bọ́ sí, ó sì ń fún ni títí tí yóò fi mọ́ ni lára. Lásìkò ọyẹ́ tí awọ gbẹ fúrúfúrú, nọ́ńbà á máa fò sókè sódò títí tí òógùn yóò fi yọ. Bí ẹ bá dé, ẹ yọ orí rẹ̀ kúrò lára okùn, kí bátìrì má baà máa jẹ lọ, kí ẹ sì fi ọṣẹ díẹ̀ fọ okùn, torí iyọ̀ òógùn ló ń bà á jẹ́. Síbẹ̀, ohun kan wà nínú rẹ̀ tó bá ìlú wa mu ju aago lọ: kò gba ṣájà. Bátìrì pẹlẹbẹ bíi kọ́ìnsì ló ń lò, irú èyí tí àwọn aláago àti àwọn tí ń tún rìmóòtù mọ́tò ṣe ń tà, ó sì ń lò ju oṣù mélòó kan lọ. Iná ì báà wá, kó má wá, ó ń ṣiṣẹ́. Orí fóònù la ti ń wo nọ́ńbà rẹ̀; ẹni tó ń bẹ̀rù pé wọ́n lè já fóònù gbà lọ́wọ́ òun lójú títì ìdájí lè wá irú èyí tó ní ìrántí nínú, bíi H10 ti Polar, tó ń tọ́jú eré ìdárayá kan títí tí ẹ ó fi délé bá fóònù.

Kí ni mo wá ń fi nọ́ńbà náà ṣe? Mò ń fi rọra ni. Ìṣirò tí gbogbo ayé mọ̀ ni pé ká yọ ọjọ́ orí kúrò nínú 220. Ẹni ọdún 56 bíi tèmi, 164 ló kù, ìrìn tó mọ níwọ̀n sì wà láàárín ìdá 64 sí 76 nínú 100 rẹ̀, ìyẹn nǹkan bí 105 sí 125. Ìṣirò mìíràn tó jáde ní 2001 fi ìdá méje nínú mẹ́wàá ọjọ́ orí yọ kúrò nínú 208, tèmi sì di 169. Àfojúbù ni méjèèjì, ọkàn ẹlòmíràn lè fi mẹ́wàá jù bẹ́ẹ̀ tàbí kó dín. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí 131 lórí Màpó, mo mọ̀ pé kí n dẹ ẹsẹ̀. Ká ní 112 ti aago ni mo gbà gbọ́, ńṣe ni mi ò bá tẹ ìrìn mọ́ ọn. Nínú ẹgbẹ́ tí a jọ ń rìn láàárọ̀ Sátidé, àwọn kan ń yangàn pé àwọn dé 160, àwọn mìíràn sì ń gbìyànjú láti bá wọn. Àyà mi máa ń já bí mo bá gbọ́ ọ. Àǹtí kan wà láàárín wa tó ń lo atenolol fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Oògùn yẹn àti àwọn ẹbí rẹ̀ bíi propranolol ni wọ́n ń fi dẹ ọkàn, nítorí náà ìṣirò 220 kò kàn án rárá. Bó bá ní kí òun fi ipá dé nọ́ńbà tí ẹlòmíràn dé, ó lè fi ara pa. Dókítà tó kọ oògùn fún un ló lè sọ èyí tó tọ́ sí i.

Bí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ kankan, ẹ máa sọ̀rọ̀ bí ẹ ti ń rìn. Bí ẹ bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin, ìrìn yín mọ níwọ̀n.

Nínú gbogbo ohun tí bẹ́líìtì ń sọ fún mi, ìṣẹ́jú kan tó tẹ̀ lé ìgbà tí mo dẹwọ́ ìrìn ni mo kà sí jù. Ní 1999, àwọn dókítà kan ní Cleveland Clinic yẹn náà gbé àbọ̀ ìwádìí lórí èèyàn 2,428 jáde. Àwọn tí lílù ọkàn wọn kò fi ju 12 lọ sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn eré ìdárayá, ikú pọ̀ láàárín wọn ju láàárín àwọn yòókù lọ nínú nǹkan bí ọdún mẹ́fà tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ kò lè sọ pé èèyàn ní àrùn ọkàn, ẹni tí àyà bá sì ń dùn lójú ìrìn, ilé ìwòsàn ló kàn, kì í ṣe bẹ́líìtì. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti dé iwájú gbọ̀ngàn Màpó, mo máa ń rọra rìn, mo ń wo fóònù, mo sì ń kọ nọ́ńbà méjèèjì sínú ìwé: èyí tí mo bá dókè àti èyí tó kù lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan. Mo gbé ìwé náà lọ bá dókítà mi. Ó kà á tán kó tó wọn ìfúnpá mi, ó sì ti ní kí àwọn aláìsàn rẹ̀ mìíràn tó ń rìn láàárọ̀ máa kọ tiwọn sílẹ̀. Ìka ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń kà á.