Owó Tó Kù Lẹ́yìn Fọ́tò

Lẹ́yìn gbogbo fọ́tò tí bàbá wa àgbà yà lójú ọ̀nà, ó máa ń fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ ọjà, ọdún, àti iye owó tó kù. Ìlànà àwọn ayàwòrán alárìnkiri nìyẹn: oníbàárà a san ìdajì lọ́jọ́ tí wọ́n yà á, a sì san ìdajì kejì nígbà tí ayàwòrán bá gbé iṣẹ́ dé. Ayàwòrán tí kò bá padà sí ọjà náà ti pàdánù owó rẹ̀. Oníbàárà tí kò bá sì yọjú ti fi ojú ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ àlejò. Irú àwọn ojú bẹ́ẹ̀ kún inú àpótí pákó kan ní ilé wa ní Lomé, ọ̀rọ̀ àpótí náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé ká ní ọdún tó kọjá.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá wa àgbà. Tamale, ní àríwá Gánà, ló ti kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ ará ìlú rẹ̀ kan. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia kéde pé kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ jáde kúrò ní Gánà láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ó gbé kámẹ́rà rẹ̀, ó fi ilé sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọjá ẹnubodè Aflao, àwọn yòókù tẹ̀síwájú lọ sí Nàìjíríà, ṣùgbọ́n òun dúró ní Lomé. Ó ní òun kò lè fi ọwọ́ òfo wọ Ògbómọ̀ṣọ́.

Lomé tí ó dé kì í ṣe ìlú tí kò mọ fọ́tò. Alex Acolatse, tí a bí ní Kedzi ní 1880, ti ń yàwòrán níbẹ̀ láti ìgbà àwọn ará Jámánì, ó sì wà láyé títí di 1975. Àwọn oní-sítúdíò ti gba ojú pópó tán. Ọ̀nà oko ló kù fún àlejò. Àwọn Yorùbá mìíràn ti ń tọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó bẹ́ẹ̀ tí Erika Nimis fi kọ odidi ìwé kan lórí wọn ní 2005. Àwọn ọmọ Togo náà kò jókòó sílé. Cornélius Augustt Azaglo, tí a bí ní Kpalimé ní 1924, ló dá Studio du Nord sílẹ̀ ní Korhogo, ní Côte d'Ivoire, ní 1958, tí ó sì ń yí abúlé ká láti ya fọ́tò káàdì ìdánimọ̀. Bí tiwa ṣe ń wọlé ni tiwọn ń jáde, àfi bí ẹni pé wọ́n jọ ṣe àdéhùn.

Rélùwéè Blitta ni bàbá wa àgbà máa ń wọ̀. Ọjọ́ ọjà ló fi ń ka oṣù: Tsévié, Notsé, Atakpamé, Anié, láti Blitta, ó di mọ́tò, ó di Sokodé. Yóò ta aṣọ dúdú mọ́ ògiri, yóò gbé àpótí kalẹ̀ fún ìjókòó. Ó ní kóòtù kan àti aago ọwọ́ kan tí kò ṣiṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni lè yá fún fọ́tò. Ọkùnrin mọ́kànlá nínú àpótí wa ló wọ kóòtù kan náà. Ní Atakpamé àti Anié, àwọn Ifẹ̀ tí àwọn mìíràn ń pè ní Ana ń sọ èdè tó bá tiwa tan. Ó máa ń sọ pé ibẹ̀ ni ahọ́n òun ti ń sinmi.

Oníṣòwò kan láti òkè òkun ló wá fi 300 000 fáráǹkì lọ̀ wá. Ó fẹ́ gbogbo àpótí náà, fọ́tò àti nẹ́gátíìfù, nítorí irú wọn ti ń gbé ara ògiri àwọn ilé ìṣàfihàn ní Yúróòpù báyìí. Àbúrò bàbá wa ní kí a tà á. Ó ní òrùlé ń jò, ọ̀rinrin òkun sì ń jẹ àwọn fíìmù náà lọ díẹ̀díẹ̀. Òtítọ́ ló sọ. Olùkọ́ ni wá, a sì mọ ohun tí iye bẹ́ẹ̀ jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó oṣù. Ohun tí kò jẹ́ kí a sùn ni iye owó tí a kọ sẹ́yìn àwọn fọ́tò náà: ẹni tó ti san ìdajì ní ìpín nínú ohun tí a fẹ́ tà. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún wa ní ìsinmi Àjíǹde kan péré.

Mẹ́tàdínlógún ni ti Anié. Ọjọ́ méjì ni a fi rìn láti ilé dé ilé, a sì rí ẹni mẹ́rin. Ẹ̀yìn ọ̀kan nínú wọn ni a kọ ọ́ sí pé: «Anié, 1974, ìyá ìbejì, ó ku 100.» Ọmọbìnrin méjì ló jókòó níbẹ̀, aṣọ kan náà, ìlẹ̀kẹ̀ kan náà. Ṣùgbọ́n kí bàbá wa àgbà tó kú, ó ti sọ ìtàn fọ́tò yìí fún wa. Ọmọ kan ṣoṣo ni ìyá náà gbé wá lọ́jọ́ náà, èkejì ti lọ. Ó ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó sì tẹ̀ wọ́n pọ̀ sórí ìwé kan. Kì í ṣe òun ló dá a sílẹ̀. Àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Yorùbá mọ iṣẹ́ náà dáadáa.

Ìyá náà wà láyé. Ó gba fọ́tò náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún. «Ó padà wá,» ó sọ fún wa. «Èmi ni mo fara pamọ́. Ẹ̀rù bà mí láti wò ó.»

Ọmọ rẹ̀, tí òun náà ti ní ọmọ ọmọ, tẹjú mọ́ ọn pẹ́. «Ìyá, èwo ni èmi nínú wọn?»

Ìyá náà kò ronú rárá. «Ti ọwọ́ ọ̀tún.»

Nẹ́gátíìfù náà wà nínú àpò wa. A kò mú un jáde.

Ó yí fọ́tò náà padà, ó ní kí a ka ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fún òun. A kà á. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó ka ọgọ́rùn-ún fáráǹkì sí wa lọ́wọ́, ó sì ní kí a fa ìlà sórí gbèsè náà. A yá pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ ọmọdé kan.