Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà

Láti ìgbà tí mo ti mọ yunifásítì ni mo ti ń gbọ́ ọ pé òwò àti èrè ni orísun gbogbo ìwà ìkà inú ayé. Bí a bá pe àpérò, tí ẹnì kan dìde tí ó bú ètò ọrọ̀ ajé tí àwọn Òyìnbó ń pè ní kápítálísíìmù, àtẹ́wọ́ ni a ó fi sìn ín padà sí ìjókòó rẹ̀. Èmi kò lè bá wọn pa àtẹ́wọ́ náà. N kò ṣàìmọ ìyà. Ilé tí a ti ń ka owó kí a tó dá iná ni a ti tọ́ mi. Ṣùgbọ́n Erínjẹ ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ni ilé náà wà, ohun tí ojú mi sì rí níbẹ̀ kò jẹ́ kí n lè fi ẹnu mi bú ọjà. Mo bẹ ẹ̀yin òǹkàwé kí ẹ fi sùúrù gbọ́ tẹnu mi kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Ilẹ̀ ọ̀pẹ ni ilẹ̀ Ìkálẹ̀. A ní epo, a ní ẹ̀gẹ́, a sì ní púpurú tí a ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe. Àwọn Ìlàjẹ, aládùúgbò wa ní etí òkun, ni wọ́n ní ẹja. Ṣùgbọ́n omi àti àbàtà ni ó gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ wọn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nítorí náà ni ẹja ṣe ń gòkè wá láti Ìgbókòdá, tí epo àti púpurú sì ń sọ̀kalẹ̀ lọ bá wọn. Kò sí ọba tí ó pàṣẹ iye ẹja tí yóò wá, kò sì sí akọ̀wé tí ó jókòó ṣe ìṣirò iye epo tí yóò lọ. Ìyàwó apẹja mọ ohun tí ilé rẹ̀ ń fẹ́, ìyàwó àgbẹ̀ mọ ti tirẹ̀, wọ́n pàdé, wọ́n ná ọjà, wọ́n sì pínyà. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jẹun yó.

Ọjà a tún máa sọ àlejò di ará ilé. Ní ọ̀rúndún ogún, àwọn Urhobo bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìhà ìlà-oòrùn wá sí ilẹ̀ wa láti wá kọ ẹyìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Onigu Otite ti Yunifásítì Ìbàdàn, ọmọ Urhobo fúnra rẹ̀, ti ṣe ìwádìí nípa wọn. Ọ̀pẹ kún inú igbó wa nígbà náà ju ohun tí ọwọ́ àwa onílẹ̀ ká lọ, ẹyìn púpọ̀ sì ń bọ́ sílẹ̀ lásán. Àwọn àlejò wọ̀nyí mọ ọ̀pẹ gùn, wọ́n mọ epo fún. Wọ́n bá àwọn onílẹ̀ ṣe àdéhùn, wọ́n san owó kí wọ́n tó ti igbà bọ ọ̀pẹ, wọ́n sì tẹ abúlé wọn dó sínú igbó. Èdè wọn kì í ṣe èdè wa, òrìṣà ilé wọn kì í ṣe tiwa. Bí ó bá jẹ́ pé nípa ogun ni wọ́n fẹ́ fi gba ọ̀pẹ wọ̀nyí, ẹ̀jẹ̀ ì bá ti ṣàn. Ṣùgbọ́n owó ni wọ́n mú lọ́wọ́ wá. Onílẹ̀ rí owó lórí ohun tí ó ń jẹrà tẹ́lẹ̀, àlejò rí iṣẹ́, epo sì pọ̀ sí i fún ẹni tí kò mọ èyíkéyìí nínú wọn.

Àwọn ènìyàn lè ní kò sí ẹni tí ó ń bá ẹni tí ó fún epo jà, pé alágbàtà ni ọ̀tá. Ó dára, ẹ jẹ́ kí n sọ ti alágbàtà. Alájàpá epo ni ìyá mi. Láti nǹkan bí oṣù kejì títí di oṣù karùn-ún ni ẹyìn máa ń pọ̀ jù lọ lórí ọ̀pẹ; nígbà náà ni ẹni tí ó fún epo máa ń wá ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀ kiri. Ìyá mi a rà á, a rọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù, a sì dè é. Nígbà tí òjò bá pọ̀, tí ẹyìn bá dín kù, tí ọ̀wọ́n epo bá dé, a bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Àwọn kan ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé ó ń kó epo pamọ́ láti fi fìyà jẹ aráyé. Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Ta ni ó gba àgbẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí epo pọ̀ bí omi òjò? Ta ni ó sì jẹ́ kí epo wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ nígbà tí kò sí ẹyìn lórí igi? Ẹnì kan náà ni.

Ọdún kan wà tí ọ̀wọ́n tí ìyá mi ń retí kò dé. Epo ń ti ibi gbogbo wá sí ọjà ní àkókò tí ó yẹ kí ó tán. Ó ta tirẹ̀ ní iye tí kò tó iye tí ó fi rà á, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ti kan. Sáà ẹ̀kọ́ kan gbáko ni mo fi jókòó sílé nítorí owó ilé-ìwé. Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n ń ka èrè rẹ̀ sí olè, kò sí ẹnì kan tí ó wá bá a pín àdánù náà. Nígbà tí èésú kàn án, ó kó o, ó sì padà sí ìdí epo. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé owó iṣẹ́ ni èrè alájàpá: ó gbé ẹrù tí ẹlòmíràn kò fẹ́ gbé, ẹrù náà sì lè wó lù ú mọ́lẹ̀.

Ẹni tí ó bá sọ òkò sí ọjà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba amúnisìn fi òfin de iye owó oúnjẹ ní Èkó, wọ́n sì fi Kápítéènì A. P. Pullen ṣe olórí ètò náà. Ète wọn kò burú: wọn kò fẹ́ kí oúnjẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n là sílẹ̀ kò tó owó tí oúnjẹ fi ń dé Èkó. Gàárì di àwátì ní ibi tí ìjọba ní kí a ti tà á, ó sì ń wọ́n sí i ní kọ̀rọ̀. Alimotu Pelewura, ìyálọ́jà Eréko tí ń ta ẹja, tí kò ka ìwé rárá, ni ó kó àwọn obìnrin ọjà jọ láti tako òfin náà. Ohun tí ọ̀mọ̀wé kò rí nínú ìwé ni ó rí lórí àtẹ. Nígbà tí ogun parí ní ọdún 1945, ìjọba gbé ọwọ́ wọn kúrò lórí iye owó.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Bọ́ọ̀dù tí ń ra irè oko. Ní ọdún 1947 ni a dá ti kòkó sílẹ̀, ti epo àti èkùrọ́ tẹ̀lé e ní ọdún 1949, a sì pín in fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní ọdún 1954. Bọ́ọ̀dù nìkan ni ó ní àṣẹ láti ta irè oko sí òkè òkun. Iye tí ó bá wù ú ni ó ń san fún àgbẹ̀, ó sì ń tọ́jú ìyókù. P. T. Bauer, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé kan, kọ̀wé ní ọdún 1954 pé owó orí tí ó wúwo ni èyí lórí àwọn tálákà. Mo mọ èsì tí ẹ ó fọ̀ fún mi: owó náà wà lára ohun tí a fi ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún 1955. Òtítọ́ ni, ẹni tí ó bá ní kò sí ire kankan níbẹ̀, irọ́ ni ó pa. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ni ó ru ẹrù náà jù, ẹnikẹ́ni kò sì bi í. Owó ọ̀pọ̀ ènìyàn tí a kó sí ọwọ́ àwọn díẹ̀ sì máa ń dán ọkàn wò. Ní ọdún 1962 ni Ìgbìmọ̀ Coker tú àṣírí bí owó Bọ́ọ̀dù ti gba ọ̀nà ìṣèlú lọ. Nígbà tí ó fi di ọdún 1968, àwọn àgbẹ̀ tí owó kòkó kò tó ná mọ́, tí owó orí sì ń dà láàmú, dìde ní ìdìtẹ̀ Àgbẹ́kọ̀yà. Ìjọba pa Bọ́ọ̀dù rẹ́ ní ọdún 1986, owó tí àgbẹ̀ ń gbà lórí kòkó sì lọ sókè.

N kò sọ pé ọjà kò ní àbùkù. Lẹ́yìn ọdún 1986 náà, àwọn oníwọra kó kòkó tí kò gbẹ lọ sí òkè òkun, wọ́n sì ba orúkọ tiwa jẹ́. Àwọn olówó ńlá pàápàá kì í fẹ́ràn òmìnira ọjà. Ní ọdún 1937, àwọn ilé-iṣẹ́ Òyìnbó tí ń ra kòkó ní Gold Coast àti ní Nàìjíríà fi ẹnu kò láti má ṣe bá ara wọn figagbága mọ́, kí owó àgbẹ̀ lè wálẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ Gold Coast sì kọ̀, wọn kò ta kòkó fún wọn. Ẹ kíyèsí i pé ọjà gan-an ni àwọn ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ pa. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ràn ọjà gbọdọ̀ máa ṣọ́ olówó bí ó ti ń ṣọ́ ìjọba.

Iṣẹ́ ìjọba pọ̀ níbẹ̀. Kí ó tún ọ̀nà ṣe, kí ó yẹ òṣùwọ̀n wò, kí ó mú kí ẹni tí ó ṣe àdéhùn mú un ṣẹ, kí ó sì dí ọ̀nà mọ́ àwọn tí wọ́n bá fẹ́ fi ẹnu kò ré àgbẹ̀ jẹ. Kí ó gba owó orí lọ́wọ́ gbogbo wa ní gbangba, kí ó fi kọ́ ọmọ tálákà. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe sọ iye epo fún ẹni tí ó fún un, kí ó má sì ti ilẹ̀kùn kan ṣoṣo sílẹ̀ fún un láti gbà jáde. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bí àwọn àgbà ti wí. Níbi tí ọ̀nà bá ti di ẹyọ kan, ẹni tí ó dúró sí ẹnu rẹ̀ ni yóò máa gba owó, àwọn tí ó kù ni yóò sì máa bẹ̀ ẹ́.