Wọn Ò La Ikùn Rẹ̀, Ṣùgbọ́n Iṣẹ́ Ò Tán

Ẹ fara balẹ̀ ka èyí, pàápàá ẹni tí ọkọ rẹ̀ ti dàgbà, tó sì ti mu sìgá rí.

Níbí ní Ìlú Ọba, wọ́n máa ń kọ lẹ́tà sí ọkùnrin tó bá pé ẹni ọdún 65 pé kó wá ya àwòrán ikùn. (Wọn kì í kọ ọ́ sí àwa obìnrin.) Bàbá àwọn ọmọ mi fẹ́ ju tirẹ̀ nù, èmi ni mo fà á lọ. Òpó iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ti ọkàn sọ̀kalẹ̀ gba inú ikùn ti yọ gẹ̀gẹ̀ bíi táyà tó fẹ́ bẹ́. Ó ti fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5.8, bó bá ti tó 5.5 lára ọkùnrin ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ. Kò sì dùn ún rárá.

Wọn ò la ikùn rẹ̀. Ojú ihò kékeré lókè itan méjèèjì ni wọ́n gbà ti túùbù aláṣọ tó ní wáyà wọ inú iṣan náà, kí ẹ̀jẹ̀ máa gba inú rẹ̀ kọjá. Lọ́jọ́ kẹta ó ti wà nílé, ó ń bèèrè àmàlà. A rò pé ó ti parí.

Òru ọjọ́ kẹsàn-án ló ní ẹsẹ̀ òsì ń ro òun. Mo fọwọ́ kàn án: ó tutù bí omi fíríìjì, èkejì sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Róòbù ni mo lọ gbé o! Ọmọ wa obìnrin ló pariwo pé ká pe áńbúláǹsì. Ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí ẹ̀ka túùbù tó lọ sí ẹsẹ̀ náà. Wọ́n ṣí i lóru yẹn. Wọ́n ní bí a bá pẹ́ sí i, ẹsẹ̀ ìbá lọ.

Èkejì ni mo ń dá ara mi lẹ́bi lé lórí. Wọ́n ti sọ pé kó máa wá ya àwòrán lọ́dọọdún, ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ara yá, a lọ sí Ìbàdàn, a pa ọdún méjì jẹ. Nígbà tí a padà, gẹ̀gẹ̀ náà ti di 6.4. Àwọn iṣan kéékèèké ń da ẹ̀jẹ̀ sẹ́yìn túùbù. Kò sí ìrora, àwòrán nìkan ló ń tú u fó. Wọ́n ti dí díẹ̀ nínú wọn, wọ́n ṣì ń ṣọ́ ìyókù.

Bí ẹnì kan nínú ilé yín bá ní túùbù yìí, tí ikùn tàbí ẹ̀yìn bá ṣàdédé ń dùn ún, tí òòyì ń kọ́ ọ, tàbí tí ẹsẹ̀ tutù, ọsibítù ni kíá. Ẹ sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà pé túùbù wà nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ikùn rẹ̀.

Àwòrán tirẹ̀ tó kàn di oṣù kejì. Mo ti kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà ilé ìdáná.