Ẹsẹ̀ Ilé ní Àjàṣẹ́

Àwọn àlejò tó ń wá sí Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, a máa gbójú sókè. Wọ́n ń wo fèrèsé aláwọ̀ mèremère, òpó tí a ṣe ọnà sí lára, àti ojú Mọ́sáláṣí Ńlá tí àwọn Mùsùlùmí Àgùdà kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, èyí tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà ju mọ́sáláṣí ilẹ̀ Lárúbáwá lọ. Wọn kò jẹ̀bi; ẹwà ló ń pe ojú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tó ń pa àwọn ilé wọ̀nyí díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ wọn ni kí ó wò, níbi tí ògiri àti ilẹ̀ ti pàdé.

Láti Kétu ni a ti wá, a gba Pọ̀bẹ̀ àti Sàkété kọjá ní oṣù kẹfà, nígbà tí òjò ńlá ti gbilẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òjò ń rọ̀ ní ìhà ibí lọ́dún: ti ńlá láti oṣù kẹrin sí oṣù keje, ti kékeré láti oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá. Àpapọ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí 1,200 mílímítà. Bí a bá dá gbogbo rẹ̀ dúró láì jẹ́ kí ó ṣàn, láì jẹ́ kí ó gbẹ, yóò bo ọmọ ilé-ìwé kékeré mọ́lẹ̀.

Láti ọjà Wándó ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ rìn. Ibẹ̀ ga, ilẹ̀ pupa tí àwọn Faransé ń pè ní terre de barre ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Bí a ti ń lọ sí gúúsù, ilẹ̀ ń rẹlẹ̀ títí ó fi kan ọ̀sà. Omi òjò pẹ̀lú, ọ̀nà kan náà ni ó ń tọ̀.

Àwọn tó kọ́ ilé àtijọ́ mọ èyí. Ilẹ̀ pupa yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn pò, tí wọ́n fi mọ ògiri ní ìpele-ìpele, tí wọ́n ń jẹ́ kí ìpele kan gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Amọ̀ kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè Kétu wa, amọ̀ ni. Bí amọ̀ bá gbẹ, ó lè ru àjà àti òrùlé fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Ohun tí kò lè gbà ni pé kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa wà nínú omi. Ní ilẹ̀ Faransé, àwọn tó ń kọ́ ilé amọ̀ a máa sọ pé bàtà tó dára àti fìlà tó dára ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ń fẹ́. Fìlà ni òrùlé tó yọ síta kọjá ògiri. Bàtà ni ìpìlẹ̀ òkúta tàbí bíríkì sísun tó gbé amọ̀ kúrò nílẹ̀.

Ní àdúgbò kan tí kò jìnnà sí Mọ́sáláṣí Ńlá, bàbá mọlémọlé kan fi ìka kan ògiri ilé àtijọ́ lójú wa. Lókè, ó dún bí ohun tó le. Nísàlẹ̀, ní nǹkan bí ìgbọ̀nwọ́ kan sí ilẹ̀, ó dún bí akèrègbè òfìfo. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ níta. Ó ń dán, ó mọ́ rekete. Bàbá náà fi ọ̀bẹ ṣí etí rẹ̀ díẹ̀, amọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà jáde bí ìyẹ̀fun.

Ògiri amọ̀ a máa fa omi láti inú ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òwú fìtílà ti ń fa epo. Níwọ̀n ìgbà tí ògiri bá ń mí, omi náà yóò tún jáde, oòrùn àti afẹ́fẹ́ yóò sì gbé e lọ. Ẹni tó fi sìmẹ́ńtì bò ó ti dí imú rẹ̀. Omi kò rí ọ̀nà jáde mọ́. Ó ń gòkè sí i, ó sì ń gbé iyọ̀ inú ilẹ̀ dání. Níbi tí omi bá ti gbẹ, iyọ̀ yóò kù, yóò sì máa fọ́ amọ̀ láti inú. Onílé rí àbààwọ́n funfun lára ògiri, ó tún ra àpò sìmẹ́ńtì mìíràn. Owó tí ó rò pé òun fi ń ra oògùn, àìsàn ni ó fi ń rà.

Ọ̀nà pẹ̀lú ti yí padà. Bí a ti ń da ilẹ̀ sí ojú títì, tí a sì ń tẹ́ òkúta lé e, títì ń ga, ilé àtijọ́ sì dúró síbi tó wà. A rí ẹnu ọ̀nà tí a ń sọ̀ kalẹ̀ wọ̀ báyìí. Òjò tó bá rọ̀ sí títì, inú ilé ló ń gbà kọjá. Nítòsí ọ̀sà, bí a bá gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀, omi ti dé. Ìdí nìyẹn tí yàrá abẹ́ ilẹ̀, tí àwọn ará Faransé ń kó wáìnì sí, kò fi bá ibẹ̀ mu.

Ìtọ́jú wà, kò sì ju agbára wa lọ. Kí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ má ṣe máa bọ́ sí ẹsẹ̀ ògiri: kí páànù yọ síta dáadáa, kí gọ́tà sì gbé omi jìnnà. Kí ilẹ̀ àgbàlá dà síta: ní mítà 2 àkọ́kọ́, ó yẹ kí ó fi sẹ̀ǹtímítà 5 rẹlẹ̀, ó kéré tán. Bí omi bá ń ti òkè wá, kí a gbẹ́ kòtò tóóró, kí a kó òkúta wẹ́wẹ́ sí i, kí ó darí omi lọ. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe gbẹ́ ẹ mọ́ ògiri, kí ìpìlẹ̀ má baà di ìhòòhò. Kí a ṣí sìmẹ́ńtì kúrò ní ẹsẹ̀ ògiri amọ̀, kí a sì fi amọ̀ àti ẹfun sísun, chaux, rẹ́ ẹ, nítorí ìyẹn ń jẹ́ kí ó mí. Ní ti ẹni tó ń fi bíríkì sìmẹ́ńtì kọ́lé tuntun, kí ó tẹ́ ọ̀dà tàbí rọ́bà tó nípọn sáàárín ìpìlẹ̀ àti ògiri, kí omi má baà rí ọ̀nà gòkè.

Àìsàn kan wà tí mọlémọlé kò lè wò. Púpọ̀ nínú àwọn ilé Àgùdà jẹ́ ilé ẹbí. Ẹni tó kọ́ ọ ti kú tipẹ́. Àwọn ọmọ-ọmọ wà ní Kútọnu, ní Èkó, ní Paris. Gbogbo wọn ló ni ilé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ni gọ́tà tó dí. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ní Àjàṣẹ́, ẹbí ló sábà máa ń kọ́kọ́ lanu, kí ògiri tó tẹ̀lé e.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ má dúró de ìgbà tí ẹ óò fẹnu kò lórí ogún. Ẹ yan ẹnì kan nínú ẹbí, kí gbogbo yín dá owó díẹ̀ fún un ní oṣù kẹta ọdọọdún, kí òjò tó dé, kí ó gun òrùlé, kí ó kó ewé inú gọ́tà, kí ó sì dí ihò tó bá wà ní ẹsẹ̀ ògiri. Èyí kò ní parí ẹjọ́, ṣùgbọ́n yóò jẹ́ kí ilé ṣì wà nígbà tí ẹjọ́ bá parí.