Tábìlì Tíṣà àti Ihò Ìdàgẹ̀rẹ́

Ẹni tí kò bá jókòó ti gbẹ́nàgbẹ́nà rí lè máa rò pé ìṣó ni ó di àga mú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí igi méjì ti pàdé ni iṣẹ́ wà. Ìṣó kàn ń ṣe ìrànlọ́wọ́ ni. Ìdí nìyí tí ọmọ-iṣẹ́ fi ń lo ọdún mélòó kan lọ́dọ̀ ọ̀gá kí a tó ṣe ìyọ̀ǹda fún un. Yóò kọ́ bí a ṣe ń gbẹ́ ihò onígun mẹ́rin sí ara igi kan, tí a sì ń gé orí igi kejì ní ahọ́n, tí ahọ́n náà yóò wọ inú ihò ṣinṣin: kò gbọdọ̀ le débi tí yóò fi la igi, kò sì gbọdọ̀ dẹ̀ débi tí yóò fi máa mì.

Olùkọ́ èdè Yorùbá kan wà ní Ìbàdàn tí ó ti fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà èwe ni iṣẹ́ igi ti wù ú, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì ni orí fi sí i lọ́wọ́, kì í ṣe ayùn. Lẹ́yìn tí ó fẹ̀yìn tì, ọmọ rẹ̀ tí ń gbé ní Amẹ́ríkà fi àpótí kékeré kan ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀rọ ìlu-ihò oníbátìrì wà nínú rẹ̀, àti kíláǹpù méjì, àti ohun kan tí kò rí irú rẹ̀ rí: ike líle tí a ki ọ̀pá irin oníhò méjì bọ̀ nínú, tí ihò méjèèjì kò dúró ṣánṣán, tí wọ́n fì sẹ́yìn bí àkàbà tí a gbé ti ògiri. Jíìgì ni àwọn tí ń lò ó ń pè é.

Ìpínlẹ̀ Iowa ni orúkọ irú ohun-èlò yìí ti kàn jù lọ. Ní àwọn ọdún 1980, Craig Sommerfeld, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ṣíṣe irin-iṣẹ́, ń kan kọ́bọ́ọ̀dù fún ilé ara rẹ̀, ó sì ń wá ọ̀nà tí yóò fi so férémù wọn pọ̀. Ó ṣe jíìgì kan fún ìlò ara rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Kreg ti ṣẹ̀. Kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ da ihò lu igi ní ìdàgẹ̀rẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ igi ti ń fi síkúrù mú orí tábìlì lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ṣe ni pé ó mú ohun tí ojú àti ọwọ́ àgbà nìkan lè ṣe, ó fi lé ọwọ́ akọ́ṣẹ́.

Iṣẹ́ ohun-èlò náà kò ta kókó. A ó fi kíláǹpù mú un mọ́ pákó. Ihò onírin inú rẹ̀ ni yóò darí ẹnu ẹ̀rọ kí ó lè wọ igi ní dígírì 15. Irin tí a fi ń lu ihò náà ní ìpele méjì, ẹnu rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ìdí rẹ̀ fẹ̀ tó 3/8 íǹṣì, tí ó fi jẹ́ pé ní ìlù kan ṣoṣo ó ti gbẹ́ àpò tí orí síkúrù yóò sùn sí, ó sì ti la ọ̀nà tóóró fún ara rẹ̀. Òrùka kan wà lára irin yìí tí ń pààlà bí ihò yóò ti jìn tó. Pákó tí ó nípọn tó 3/4 íǹṣì ń fẹ́ síkúrù 1¼ íǹṣì. Èyí tí ó nípọn tó 1½ ń fẹ́ 2½. Síkúrù tí eyín rẹ̀ sún mọ́ra ni ti igi líle bí apá. Èyí tí eyín rẹ̀ fẹ̀ síra ni ti igi rírọ̀ bí arère, àti ti pílíwúùdù.

Tíṣà kọ́kọ́ dán an wò lára àjákù pákó. Kò fún òrùka ní ìwọ̀n tí ó yẹ, irin bá yọ lójú kejì. Ó tún un ṣe. Síkúrù kejì wọlé, ṣùgbọ́n pákó kan ga ju èkejì lọ, nítorí síkúrù tí ó bá ń wọlé ní ìdàgẹ̀rẹ́ a máa ti igi kúrò ní ipò rẹ̀ bí a kò bá fi kíláǹpù tẹ ibi tí méjèèjì ti pàdé. Èyí ni akọ́ṣẹ́ máa ń gbàgbé jù. Nígbà tí ó di ọjọ́ kejì, ó ti so igi mẹ́rin pọ̀ ní férémù, ó gbé e sókè, ó mì í, kò yẹ̀. Inú rẹ̀ dùn bí inú ọmọdé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń múra ìdánwò WAEC lọ́wọ́, orí tábìlì oúnjẹ ni ó sì ti ń kàwé. Tíṣà lọ sí ọjà pákó ní Bódìjà, ó ra afàrà. Ó fi ọwọ́ pa pákó náà, ó rí i pé ó dán, ó sanwó. Kò béèrè ìgbà tí wọ́n là á. Ó fi gọ́ọ̀mù lẹ pákó mẹ́rin pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn fún orí tábìlì, ó so ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ férémù, ó wá fi síkúrù mú orí náà mọ́ férémù yíká-yíká. Ọjọ́ mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀ gbà á.

Gbẹ́nàgbẹ́nà kan wà ládùúgbò náà, àgbàlagbà tí ó fi nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ju Tíṣà lọ. Òun ni ó kan gbogbo àga ilé náà. Ó yà wọ́n kí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó sì rí tábìlì.

“Tíṣà, ta ni ó bá yín kan èyí?”

“Èmi náà ni, Bàbá.”

Ó dojú tábìlì dé, ó fi ìka tọ àwọn ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. “Ahọ́n rẹ̀ dà?”

“Kò ní ahọ́n, sà.”

“Ọjọ́ mélòó?”

“Mẹ́ta.”

Bàbá kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. “Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ ahọ́n,” ni ó wí. Ó kí wọn pé ó dàárọ̀, ó sì lọ. Láti ọjọ́ náà, kò yà mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí dun Tíṣà, nítorí ó mọ irú ohun tí ó ń dun bàbá. Òun náà ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ka ìwé ìtàn-àròsọ kan dé ìparí, tí ó há ìdáhùn àwòṣe sórí, tí ó sì gba máàkì ju ẹni tí ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta lọ.

Ọyẹ́ dé. Ní òru ọjọ́ kan ní oṣù January, ohùn kan dún nínú yàrá bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, orí tábìlì ti là láti òpin kan dé èkejì, ó fẹ̀ tó ibi tí owó ẹyọ lè wọ̀. Tíṣà kò pe ẹlòmíràn. Ó rìn lọ sí ìsọ̀ bàbá, ó dọ̀bálẹ̀.

Bàbá wá. Kò wo ihò kankan; ó kọ́kọ́ gbọ́ òórùn igi náà, ó fi èékánná họ ọ́.

“Pákó tútù ni wọ́n tà fún yín. Ọyẹ́ ni ó gbẹ ẹ́. Igi kì í sún kì ní gígùn tó bẹ́ẹ̀, ìbú ni ó ti ń sún. Orí tábìlì fẹ́ kóra jọ. Férémù tí ẹ fi síkúrù dè é mọ́ kò gbà fún un. Kí ni kí ó ṣe? Ó là.”

Ó tú gbogbo síkúrù orí náà. Ó fi ayùn gba ojú ìlà náà kọjá kí ó lè tọ́, ó tún un lẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ó gbẹ́ ojú àgbàrá tẹ́ẹ́rẹ́ sí ara férémù nínú, ó sì gé àwọn ọmọ igi kéékèèké tí ó ní ètè. Ó fi síkúrù kan àwọn ọmọ igi náà mọ́ abẹ́ orí tábìlì, ètè wọn sì wọ inú ojú àgbàrá. Bí pákó bá fẹ̀ lójò, ètè yóò rìn síta. Bí ó bá sún lọ́yẹ́, yóò rìn padà. Wákàtí méjì ni ó fi ṣe é.

Ó wá kan ẹsẹ̀ tábìlì. Tíṣà rò pé yóò tú wọn. Bàbá mì wọ́n, ó jókòó sórí férémù, ó fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì.

“Èyí dára,” ni ó wí. “Fún tábìlì, fún kọ́bọ́ọ̀dù, ó dára. Ẹ má fi kan àga. Ẹni tí ó bá jókòó yóò fẹ̀yìn tì, ìfẹ̀yìntì ni yóò sì yọ ọ́.” Lẹ́yìn náà ni ó tó na ọwọ́. “Ẹ fi ohun náà hàn mí.”

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, jíìgì ti wà ní ìsọ̀ bàbá. Ọmọ-iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ó kù níbẹ̀ ń fi í lu férémù kọ́bọ́ọ̀dù tí oníbàárà ń kánjú sí. Tíṣà jókòó sórí àpótí ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ṣísẹ̀lì lọ́wọ́. Ihò onígun mẹ́rin tí ó ń gbẹ́ láti òwúrọ̀ ti fì sí apá òsì. Bàbá wò ó, ó mú igi náà, ó jù ú sínú igi ìdáná, ó sì fún un ní òmíràn.